Ǹ Bá Rí i, Ǹ Bá Yọ̀: Àṣeyọrí Ẹgbẹ́ Òǹkọ̀wé, Ti Ta Ni?

Bí ọdún bá ń parí lọ, àwọn ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé máa ń ka àṣeyọrí wọn: lágbájá gba ẹ̀bùn, tẹ̀mẹ̀dù tẹ ìwé ewì jáde, ẹlòmíràn lọ sí ìpàdé ní Àbújá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ní Ìlọrin níbí, a ní ohun tí a lè kà. Ẹgbẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Nàìjíríà tí gbogbo wa ń pè ní ANA, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, tí Chinua Achebe sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, ní ẹ̀ka ní Kwara. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Ọbáfẹ́mi, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìlọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìbéèrè tèmi ni pé, nínú gbogbo àṣeyọrí tí ẹgbẹ́ ń kà, èwo ni ti ìlú? Èwo ni ìyá tó ń ta ata ní Ọjà Ọba lè tọ́ka sí pé, "Èyí, mo gbọ́ ọ, ó sì yé mi"?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo ẹgbẹ́ kan tó ti kọjá lọ, kì í ṣe ní Ìlọrin, ní Òṣogbo ni.

Ní 1961, Achebe, Wọlé Ṣóyínká, J. P. Clark, Christopher Okigbo àti àwọn mìíràn, pẹ̀lú Ulli Beier ará Jámánì, kó ara wọn jọ ní Ìbàdàn, wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Mbari. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni. Ilé alámọ̀ tó kún fún ère ni, tí àwọn ará agbègbè Owerri máa ń mọ fún òrìṣà ilẹ̀. Nígbà tó di 1962, Dúró Ládípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo di irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Òṣogbo kò gbọ́ Ìgbò. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni "m̀ bá rí", wọ́n sì fi "m̀ bá yọ̀" tì í lẹ́yìn. Bí orúkọ ẹgbẹ́ ṣe di Mbari Mbayo nìyẹn.

Ẹ bá mi wo gbólóhùn yẹn dáadáa, nítorí iṣẹ́ tí mo fi jẹun nìyẹn. Nínú àkọtọ́, "ǹ bá rí i, ǹ bá yọ̀" ni a óò kọ. Ṣùgbọ́n bí n bá ti fara kan b, ètè méjèèjì á ti pàdé, m ló máa jáde lẹ́nu. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ìgbò ti rí ọ̀nà wọ inú Yorùbá. "Bá" inú rẹ̀ kì í ṣe ti "bá mi lọ" o. "Bá" ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò tíì rí nǹkan kan, kò sì tíì yọ̀. Ìlú gba ẹgbẹ́ náà wọlé, ó fún un lórúkọ, ó sì sọ fún un pé: ẹ kọ́kọ́ fi hàn wá ná.

Wọ́n sì fi hàn wọ́n. Ọba Mórò jáde ní 1962, Ọba Kò So ní 1963, Ọba Wàjà ní 1964, Yorùbá ni gbogbo wọn, pẹ̀lú bàtá, dùndún àti oríkì. Ní 1964, wọ́n gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin; ní 1965, wọ́n gbé e dé Ìlú Ọba. Ibi Berlin yìí ni àwọn tó ń yin Ládípọ̀ sábà máa ń dúró sí. Èmi kò dúró níbẹ̀. Ní Berlin, èrò ìwòran lè pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ta ló lè sọ níbẹ̀ pé oríkì Ṣàǹgó yẹn kò pé? Ní Òṣogbo, ẹni tó mọ oríkì náà láti ilé baba rẹ̀ wà nínú èrò. Adájọ́ wà níjòókòó. Ẹgbẹ́ tó bá ní irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe àìdára sí i.

Àléébù wà níbẹ̀ náà, n kò ní bò ó. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Beier ṣe fún eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ìwé ní 1964. Ó di lẹ́yìn ìyẹn kí Yorùbá Ọba Kò So tó di ìwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, láti orí téèpù sì ni R. G. Armstrong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe àdàkọ rẹ̀. Àlejò ti jẹun tán kí wọ́n tó bu ti onílé.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Ìlọrin kò ṣaláìní etí tó mọ ọ̀rọ̀. Odòlayé Àrẹ̀mú, ọ̀gá onídàdàkúàdà, kú ní 1997, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gbọ́ àwo rẹ̀. Àwọn àlùfáà wa ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ewì Yorùbá, èyí tí a ń pè ní ànjẹ̀mí, ọjọ́ ti pẹ́. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé ń kọ. N kò dá wọn lẹ́bi jù: ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ ti NLNG, $100,000, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló wà fún. Ta ni yóò rí owó bẹ́ẹ̀ tí kò ní wò ó? Àbájáde rẹ̀ ló ń dùn mí. Odòlayé ní olùgbọ́, orí àwo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Àwa ní ìwé, ta ni olùgbọ́ wa?

Wọ́n á ní àwọn ọ̀dọ́ kò lè fi àmì sórí Yorùbá. Àbí kí ni ẹgbẹ́ wà fún? Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá kọ "baba pin ogun fun wa" sínú ewì rẹ̀, ogún ni baba pín ni, àbí ogun? Ìdílé kan ní ilẹ̀, èkejì ní ọ̀tá. Kí ẹnì kan nínú ìpàdé béèrè èwo nínú méjèèjì, lámèyítọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ka àṣeyọrí ọdún, ẹ fi ìlà mẹ́ta kún un. Iṣẹ́ Yorùbá wo ni ẹ kà sókè fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́? Kí ni wọ́n sọ? Kí ni ẹ tún kọ nítorí ohun tí wọ́n sọ? Bí agbára bá sì wà, ẹ mú àwo dàdàkúàdà kan, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ẹ dà á kọ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ wá kà á fún àwọn àgbà tó mọ orin náà. Wọn yóò bá yín tún ibi tí ẹ bá ti ṣì í gbọ́ ṣe, ẹ má ṣèyọnu.

Ẹ máa gba ẹ̀bùn yín o, mo bá yín yọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú kò tíì rí.