Orin Àdákọ Ọmọ Kékeré: Ariwo Ni Tàbí Ọnà?

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kò sí ẹni tí í jiyàn sí òwe yìí. Ṣùgbọ́n bí àwọn onímọ̀ bá dé ìdí lítíréṣọ̀ alohùn, ọgbọ́n àgbà ni wọ́n máa ń kó sínú ìwé jù. Ìjálá wà níbẹ̀, rárà wà níbẹ̀, ẹkún ìyàwó náà kò gbẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọdé, orin eré òṣùpá àti orin inú àlọ́ ni a ó rí, àwọn orin tí ọ̀rọ̀ wọn ti dúró, tí gbogbo ọmọ mọ̀. Orin tí ọmọ ọdún 2 tàbí 3 ń dá kọ bí ó ti ń fi ọmọrí ìkòkò lu ilẹ̀ kò rí àyè. Ariwo ni a ń pè é.

Àwọn kan wà tí kò pè é bẹ́ẹ̀. Ní Santa Barbara, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, Pillsbury Foundation dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké, tí ó wà láti 1937 títí di 1948. Wọ́n kó ìlù, agogo àti oríṣiríṣi ohun èlò orin síwájú àwọn ọmọ náà, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n fi wọ́n ṣe bí ó ti wù wọ́n. Gladys Moorhead tí ó jẹ́ olùkọ́ àti Donald Pond tí ó jẹ́ onímọ̀ orin ni wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sínú Music of Young Children, tí ó jáde ní ìpín 4 láàárín 1941 sí 1951.

Sùúrù ni ohun tí ó yẹ kí a yìn nínú iṣẹ́ yìí. Wọn kò fi orin àgbà díwọ̀n ti ọmọdé, wọ́n tẹ́tí. Wọ́n wá rí i pé ọ̀nà méjì ni orin àdákọ náà pín sí. Èkíní ni ìsàré, tí ó ń ti inú ọ̀rọ̀ sísọ àti ìrìn ara jáde: àwítúnwí pọ̀ nínú rẹ̀, bí ọmọ kan bá sì bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èkejì ni orin gan-an, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń kọ fún etí ara rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ó ti wù ú.

Níhìn-ín ni àríwísí ti wọlé. Bí ọmọ tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bá gbé ohùn ọ̀rọ̀ kan sókè tàbí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò di òmíràn. Èdè Yorùbá kò gba irú èyí: ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ wo ọmọ ọdún 2 tí ó ń lé adìẹ kiri àgbàlá, tí ó ń wí pé, "Adìẹ ń lọ o, adìẹ ń lọ, ó lọ, ó lọ o!" Ohùn ọ̀rọ̀ ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún ohùn orin kí ọmọ náà tó lanu. Ṣùgbọ́n bí adìẹ bá sá lọ tán, tí ọmọ jókòó, tí ó wá ń pe "yéè, yéè" nìkan, kò sí ìtumọ̀ tí ó lè bàjẹ́ mọ́. Nítorí náà, ní èdè Yorùbá, ààlà náà lè má wà níbi tí Moorhead àti Pond fi í sí. Ó lè wà láàárín ohùn tí ó ru ọ̀rọ̀ àti ohùn tí kò ru ọ̀rọ̀ kankan.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ èyí di òfin tí kò ṣeé yẹ̀. John Blacking, tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Venda ní Gúúsù Áfíríkà láti 1956 sí 1958, fi hàn nínú Venda Children's Songs (1967) pé ohùn èdè ń darí orin ọmọdé, ṣùgbọ́n pé orin àwọn àgbà tí ó yí wọn ká náà ní ipa tirẹ̀. Àmọ́, orin tí àwọn ọmọ jọ mọ̀ ni ìwé náà dá lé, kì í ṣe orin àdákọ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sínú ìwé. Ní 1953, T. K. E. Phillips, atẹdùùrù Káàtídírà ní Èkó, ti ṣàlàyé nínú Yoruba Music bí ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ti so mọ́ra. Àwọn tí ó túmọ̀ orin ìsìn láyé àtijọ́ fi ohùn orin òyìnbó gbé e. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sì di ohun mìíràn lẹ́nu ìjọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rí ní jẹ́lé-ó-sinmi nígbà tí olùkọ́ bá fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ohun tí ọmọ ti ń fi etí ara rẹ̀ so pọ̀ ni olùkọ́ ń tú ká. Ti olùkọ́ tí ó ń pariwo "Ẹ dákẹ́! Ẹ káwọ́ gbera!" nígbàkúùgbà tí ọmọ bá lu tábìlì tún burú ju èyí lọ.

Iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Kí ó má ṣe ní kí ọmọ kọrin, nítorí orin tí àgbà kọ́ ọ ni yóò kọ. Kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó kọ ohun tí ó bá gbọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, àti ọjọ́ orí ọmọ, àti ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe. Kí ó má tún un ṣe. Ìgbà tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ ni a ó tó mọ̀ bóyá àwọn ará Santa Barbara ni ó jàre, tàbí èdè Yorùbá ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, apá kan nínú ọgbọ́n tí a fi dá Ilé-Ifẹ̀ yóò máa ṣègbé lójoojúmọ́ nínú àgbàlá.