Ta Ni Ó Yẹ̀ Ẹ́ Wò?

Irú ìwé kan wà tí ó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ láyé òde òní, tí kò sì sí ẹni tí ń kà á fún ìgbádùn. Kì í ṣe ìtàn àròsọ, kì í ṣe ewì, kì í sì í ṣe ìròyìn. Inú kọ̀ǹpútà ni ó ń gbé, ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń ṣe oúnjẹ sínú agolo, ọ̀rá àti páálí. Àkọsílẹ̀ ìrìn oúnjẹ ni: oko tí ó ti wá, ọjọ́ tí wọ́n gbà á wọlé, àgbá tí wọ́n dà á sí, ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn, ọkọ̀ tí ó gbé e jáde, ṣọ́ọ̀bù tí ó já a sí. Òfin ìjọba ni ó bí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi SAP ti Jámánì àti Oracle ti Amẹ́ríkà sì ń ta ètò kọ̀ǹpútà tí ń kọ ọ́. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni pé kí a yẹ ìwé náà wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ ìwé mìíràn wò: kí ni ó ń sọ, báwo ni ó ṣe ń sọ ọ́, ta sì ni ó ń sọ ọ́? Ìbéèrè kẹta yìí ni ó ká wa lára jù, nítorí pé ènìyàn ti kú lórí rẹ̀.

Ìlànà tí ó wà nídìí àkọsílẹ̀ náà kò le. Òfin kan tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2002, tí apá tí ó kan títọpasẹ̀ oúnjẹ nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2005, ní kí ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan lè dárúkọ ẹni tí ó ta ẹrù fún un àti ilé-iṣẹ́ tí òun náà tà á fún. Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó jọ ọ́ ní 2002 kan náà. Kí wọ́n lè pa òfin yìí mọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ a máa fún ẹrù tí wọ́n bá ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní nọ́ńbà kan, èyí tí a óò máa pè ní nọ́ńbà ìdì. Bí wọ́n bá po ìdì mẹ́ta pọ̀, nọ́ńbà tuntun ni ohun tí ó ti inú wọn jáde yóò gbà, kọ̀ǹpútà yóò sì máa rántí àwọn òbí rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó mọ oríkì orílẹ̀ yóò ti rí ìjọra ibẹ̀: ọmọ lágbájá, tí í ṣe ọmọ tàmẹ̀dù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ki oríkì kì í fi ìwà sílẹ̀. Bí baba ńlá ẹnì kan bá jẹ́ aláìgbọràn tàbí oníjà, oríkì yóò yọ ọ́ sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ara ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ kò gbà á. Nọ́ńbà ìdì kò mọ ìwà. Ìran nìkan ni ó mọ̀.

A kò gbọdọ̀ fojú kéré ohun tí mímọ ìran lè ṣe. Nígbà tí Frank Yiannas ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní Walmart, ó mú máńgòrò gígé kan tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá oko tí ó ti wá. Ó gbà wọ́n ní ọjọ́ 6, wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 26. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn àti IBM jọ gbé kalẹ̀, ìdáhùn jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2.2. Ọjọ́ mẹ́fà pọ̀ jù bí májèlé bá wà nínú oúnjẹ. Ọmọdé tí ì bá má jẹ ẹ́ yóò ti jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ yóò sì ti pàdánù ìkórè rẹ̀, nítorí pé bí a kò bá mọ oko tí ó jẹ̀bi, gbogbo oko ni a óò fura sí. Ohun tí ó dé bá àwọn tí ń gbin ẹ̀fọ́ spinach ní Amẹ́ríkà ní September 2006 nìyẹn, nígbà tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ èyí tí ó tútù rárá. Ẹni tí ó bá ń fi irú ètò yìí ṣe yẹ̀yẹ́ kò ro ọ̀rọ̀ dé ìdí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn ẹ̀pà Georgia. Ní ìparí 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009, kòkòrò àìfojúrí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Salmonella dá àìsàn sí ènìyàn 714 lára ní ìpínlẹ̀ 46 ní Amẹ́ríkà. Àwọn mẹ́sàn-án kú. Wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé Blakely, ìlú kékeré kan ní Georgia, níbi tí Peanut Corporation of America ti ní ilé-iṣẹ́ tí ń yan ẹ̀pà, tí ó sì ń lọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó jẹ ẹ̀pà náà kò gbọ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ yẹn rí, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ń tà á fún, àwọn wọ̀nyẹn sì ń fi í sínú bisikíìtì, áísìkiriìmù, midinmíìdìn àti oúnjẹ ajá. Kí ọ̀ràn náà tó rọlẹ̀, irú ọjà tí wọ́n ní kí àwọn onísọ́ọ̀bù kó kúrò lórí àtẹ ju 3,900 lọ. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀ nítorí pé àtọmọdọ́mọ ẹ̀pà kan náà ti fọ́n káàkiri. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí ọ̀rọ̀ mọ nìyí, a ì bá ní ètò kọ̀ǹpútà tí ó dára ni wọ́n ṣaláìní.

Kò mọ síbẹ̀. Ohun tí ilé ẹjọ́ gbọ́ ní 2014 burú ju èyíinì lọ: ìwé wọn pé. Àwọn oníbàárà béèrè ìwé ẹ̀rí láàbù fún ìdì kọ̀ọ̀kan, ìwé ẹ̀rí sì ń bá ẹrù rìn. Nígbà mìíràn, ìdì tí wọ́n kọ ìwé fún kò dé láàbù rárá. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, láàbù ti sọ pé kòkòrò wà níbẹ̀, síbẹ̀ ìwé tí ó tẹ̀ lé ẹrù sọ pé kò sí. Olùyẹ̀wò tí ó wá láti ìta, tí owó iṣẹ́ rẹ̀ ti àpò ilé-iṣẹ́ náà jáde, fún wọn ní máàkì tí ó ga ní March 2008, oṣù díẹ̀ kí àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ní September 2015, adájọ́ rán Stewart Parnell, ọ̀gá àgbà ibẹ̀, sí ẹ̀wọ̀n ọdún 28. Arákùnrin rẹ̀ tí ó ń bá wọn wá oníbàárà gba ọdún 20, obìnrin tí ó sì jẹ́ alábòójútó dídára ọjà gba ọdún 5.

Ká ní wọ́n ní ètò kọ̀ǹpútà tí ó dára jù lọ lóde ńkọ́? Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹrù jáde bí àyè tí ó yẹ kí èsì àyẹ̀wò wà bá ṣófo. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi irọ́ dí àyè náà lórí bébà yóò fi irọ́ kan náà dí i nínú kọ̀ǹpútà. Àmì pupa yóò sì di àmì àwọ̀ ewé, ọkọ̀ yóò sì gbéra. Ìṣẹ́jú-àáyá 2.2 ni a ó fi mọ gbogbo ibi tí ẹ̀pà náà dé, lẹ́yìn tí àwọn tí yóò jẹ ẹ́ bá ti jẹ ẹ́ tán.

Ibí yìí ni èdè wa ti lè là wá lójú. Lójú kọ̀ǹpútà, Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tested, parí ọ̀rọ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ láìní olùwà, bí ẹni pé ẹ̀pà ni ó yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀. Yorùbá kò ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa ń fẹ́ ẹni tí yóò ṣe é. “Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò” ni a óò sọ, kí a tó sì sọ ọ́ tán ni ẹni tí ń gbọ́ yóò ti béèrè pé, “Àwọn wo?” A kò sọ pé èdè wa kò ní ibi ìsápamọ́ sí. Ẹ̀yìn “wọ́n” yìí náà ni olófòófó máa ń dúró sí bí ó bá ń sọ pé “wọ́n ní”. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ìsápamọ́ ni. Nínú ìwé tí a ń yẹ̀ wò yìí, àìní olùwà ti di àṣà ìkọ̀wé, àwọn òǹkàwé rẹ̀ sì ti gbà á bí ohun tí ó bójú mu.

Àwọn tí ń ta ètò náà yóò tako wa pé kọ̀ǹpútà ń kọ orúkọ ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan nǹkan, àti wákàtí tí ó fi ọwọ́ kàn án. Òótọ́ ni, òfin Amẹ́ríkà kan tí ó ti wà láti 1997 lórí àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà tilẹ̀ sọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe gbọdọ̀ rí. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó tẹ ọ̀rọ̀ wọlé ni ìyẹn. Akọ̀wé tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kò rí ẹ̀pà, kò sì dé láàbù. Bí ó bá di ẹjọ́, òun yóò ní ohun tí wọ́n kó fún òun ni òun tẹ̀, kò sì ní parọ́.

Ọ̀ràn Blakely wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n ṣe òfin ààbò oúnjẹ tuntun tí Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí ní January 2011. Ìlànà títọpasẹ̀ tí ó ti inú òfin náà jáde ní November 2022 to àwọn oúnjẹ tí ó kàn lẹ́sẹẹsẹ, bọ́tà ẹ̀pà sì wà lára wọn. January 2026 ni ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ti sún un sí July 2028. Ó fẹ́ nọ́ńbà ìdì, ibi tí wọ́n ti ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, iye rẹ̀, àti ẹni tí ó gbà á. Ó sì ní kí ilé-iṣẹ́ lè kó gbogbo rẹ̀ fún ìjọba láàárín wákàtí 24 bí ìjọba bá béèrè. Èsì àyẹ̀wò kò sí lára ohun tí ó ní kí wọ́n kọ. Àwọn apá mìíràn nínú òfin 2011 ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìdènà àrùn, ohun tí ó sì tọ́ ni bẹ́ẹ̀. Kí àwọn tí ń ra ètò kọ̀ǹpútà má kàn rò pé ọ̀kan ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró sí Amẹ́ríkà. Ó ti wọ oko kòkó ní Òǹdó àti Ọ̀ṣun. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 nítorí igbó tí àwọn ènìyàn ń pa run ní kí ẹni tí ó bá ń kó kòkó wọ ọ̀dọ̀ wọn lè tọ́ka sí oko tí wọ́n ti ká a, pẹ̀lú nọ́ńbà méjì tí sátẹ́láìtì fi ń mọ ojú ibi tí oko wà. Bí oko bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ààlà rẹ̀ yí ká ni wọ́n ní láti yà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú, èyí tí ó kẹ́yìn sí December 2026 fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Lójú òfin, ẹni tí ó kó ẹrù wọlé ni ó di ẹrù ẹ̀bi rù. Ní ti gidi, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kò sí nínú kọ̀ǹpútà ni kò ní rí ẹni ra kòkó rẹ̀.

Àwọn àgbàlagbà rántí bí nǹkan ti rí kí ìjọba tó tú ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó ká ní 1986. Agíréèdì a fi ọ̀bẹ gé kóró kòkó lójú ẹni tí ó kó o wá, a wo inú rẹ̀, a sì lu òǹtẹ̀ lé àpò. A kò sọ pé àwọn agíréèdì kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń gbà á, gbogbo abúlé sì mọ àwọn tí ń gbà á lórúkọ. Lónìí, ẹni tí ń ra kòkó kiri abúlé yóò da ti oko mẹ́wàá pọ̀ sínú àpò kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn oko mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni òfin fẹ́ kí a mọ̀, títí dé ojú ẹsẹ̀ igi. Ṣùgbọ́n ní ìkángun kejì ìrìn náà, ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ kòkó ọ̀hún di ṣokoléètì, gbólóhùn tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà kò tíì ní olùwà.