Orúkọ tí à ń pè nínú ijó

Àwọn baba wa ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí wo ijó kan tí wọ́n ń jó ní Amẹ́ríkà, pàápàá ní Vermont, New Hampshire àti Massachusetts. Contra ni wọ́n ń pè é. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé ni ó ti wá, ó sì ti lé ní igba (200) ọdún tí wọ́n ti ń jó o níbẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń jó o. Àwọn oníjó á tò sí ìlà gígùn méjì, wọ́n á kọjú sí ara wọn. Méjì méjì ni wọ́n ń jó. Tí àwọn méjì bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹnì kan á wà lápá òsì, èkejì lápá ọ̀tún. Orin kan jẹ́ ìṣísẹ̀ 64. Tó bá parí, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀, àwọn méjì náà á sì lọ bá àwọn méjì mìíràn. Ẹnì kan ló ń ké ohun tí wọn yóò ṣe, ó sì gbọ́dọ̀ ké e kí ẹsẹ̀ tó dé ibẹ̀.

Láti ayébáyé, akéjó máa ń pe ẹni apá òsì ní ọkùnrin, ó ń pe ẹni apá ọ̀tún ní obìnrin. Ṣùgbọ́n bí obìnrin méjì bá fẹ́ jó pọ̀ ńkọ́? Ní òpin àwọn ọdún 1980, àwọn ẹgbẹ́ kan tí ọkùnrin ti ń bá ọkùnrin jó, tí obìnrin ti ń bá obìnrin jó, bẹ̀rẹ̀ sí so aṣọ mọ́ apá àwọn tó wà níhà kan, kí akéjó lè dá wọn mọ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mú orúkọ ẹyẹ: Lark fún òsì, Raven fún ọ̀tún. Nígbà tó kù díẹ̀ kó di ọdún 2020, Robin bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò Raven.

Ṣé orúkọ yìí dára? Mo ní ó dára. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà L ló bẹ̀rẹ̀ òsì, R ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀tún, nítorí náà kò ṣòro láti rántí. Lark kò gùn ju orúkọ ọkùnrin àtijọ́ lọ, Robin náà kò gùn ju ti obìnrin lọ. Igbe akéjó kò bàjẹ́, ẹsẹ̀ kò sì ṣì.

Àwọn kan ní àṣà ni orúkọ àtijọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn dúró ni akéjó fẹ́ mọ̀, kò béèrè irú ara tó ní. Kò yẹ kí èyí ṣe àwa ní àjèjì. Ní Kétu, ọkùnrin ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ó fi ọmú igi sí àyà, ó ń jó bí obìnrin, kò sì sẹ́ni tó ní ó ṣìnà. Nínú èdè wa, «ó» kan náà la fi ń pe ọkùnrin àti obìnrin.

Síbẹ̀ àbùkù kan wà níbẹ̀. Orúkọ yí padà, ṣùgbọ́n ijó fúnra rẹ̀ kò tíì yí padà tó. Nínú ọ̀pọ̀ ijó, ẹni apá ọ̀tún ni wọ́n ń rán kọjá sí òdìkejì. Ẹni apá òsì á gbà á, á fi ọwọ́ sí i lẹ́yìn, á sì yí i ká. Bí ọkùnrin nìkan bá ń yan òsì, tí obìnrin nìkan ń yan ọ̀tún, aṣọ tuntun la kàn wọ̀ fún ọ̀ràn àtijọ́. Kí àwọn tó ń ṣe ijó fún apá méjèèjì ní iṣẹ́ kan náà. Kí oníjó sì kọ́ apá méjèèjì.

Ẹ má ṣe bú àgbàlagbà tó ti fi ogójì ọdún gbọ́ orúkọ àtijọ́. Ẹ kọ́ ọ ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹni tó jókòó ti ògiri, tí orin ń dùn mọ́ ọn, tí kò sì lè dìde nítorí pé orúkọ tí wọ́n ké kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ wo ìpàdé tiyín náà: ta ni orúkọ tí ẹ ń pè mú jókòó?