Ẹran Tí A Kò Jùwọ́ Okùn Rẹ̀ Sílẹ̀

Ní ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tú kóòdù Solaris, ètò tí ń darí iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, síta fún gbogbo ayé, ó sì pè é ní OpenSolaris. Oracle ra Sun tán ní oṣù kìíní ọdún 2010. Kí oṣù kẹjọ tó parí, ó ti pa OpenSolaris tì, ìgbìmọ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yàn sì tú ara rẹ̀ ká.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó di gbogbo ẹ̀bi ru Oracle. Lójú tèmi, inú ẹ̀bùn náà gan-an ni àléébù ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fún ni lẹ́ran, à á jùwọ́ okùn rẹ̀ sílẹ̀. Sun kò tú gbogbo kóòdù náà síta, ìgbìmọ̀ kò sì ní agbára tí ó lè fi mú olówó iṣẹ́.

Síbẹ̀, ìwé àṣẹ tí a fi tú èyí tí ó jáde síta kò ṣe é gbà padà. Lórí rẹ̀ ni a gbé illumos kà ní oṣù kẹjọ yẹn kan náà. Àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ ní láti tún àwọn apá tí a tì pa kọ fúnra wọn. Illumos wà títí di òní.

Inú rere olówó kì í ṣe ẹ̀rí tí ó tó. A lè ta ilé olówó. Kí a tó dúpẹ́ ẹ̀bùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹni tí okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.