Ibi Sísá Ni Iṣẹ́ Wà

Ẹ̀jẹ̀ màlúù tó ń ṣàn wọ gọ́tà ní odò ẹran, oúnjẹ adìẹ ni lójú tèmi. Láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọwọ́ alápatà ni mo ti ń gbà á, mo ń sè é, mo ń sá a, mo sì ń lọ̀ ọ́ fún àwọn tó ń po oúnjẹ adìẹ àti ti ẹja àrọ̀. Bó bá gbẹ tán, nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló jẹ́ purotéènì. Sóyà ò dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ yìí wù mí dénú. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ nínú àgbá lórí iná: pupa rẹ̀ á ṣú, á dì, á wá máa fọ́ wẹ́wẹ́ bí a ti ń fi igi gígùn rò ó. A óò kó o sápò, a óò gbé òkúta lé e bí ẹni ń fún gàrí.

Ọ̀pọ̀ rò pé iná ti parí ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé Salmonella, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn, kì í yè nínú ẹ̀jẹ̀ tó hó dénú. Ṣùgbọ́n oòrùn tí a fi ń sá a, omi ló ń fà, kò gbóná tó láti pa kòkòrò àìfojúrí. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ẹran, eṣinṣin tó kúrò lórí ìgbẹ́ ni yóò bà lé e, aláǹgbá àti ẹyẹ yóò yàgbẹ́ sí i. Salmonella tó bá tipa bẹ́ẹ̀ padà wọlé lè wà nínú oúnjẹ gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkú, títí adìẹ yóò fi jẹ ẹ́, tí yóò sì dé inú ẹyin tí àwọn ọmọ wa ń jẹ.

Orí àwọ̀n tó ga nílẹ̀ ni mo ń sá tèmi sí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì ń yí i. Ṣọ́bìrì tó kan tútù kì í kan èyí tó ti jinná. Nígbà ọyẹ́, iṣẹ́ rọrùn. Nígbà òjò, mo ń fi iná jẹ́jẹ́ yan án nínú agbada, torí iná tó bá pọ̀ jù ń ba lysine, èròjà purotéènì inú rẹ̀, jẹ́. Bí mo bá fún ẹ̀kúnwọ́ kan, tó dì pọ̀, kò tíì gbẹ nìyẹn. Omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ.

Àwọn kòkòrò kan tún wà tó ń fi èèpo líle bo ara wọn. Híhó kì í pa wọ́n tán, inú ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ kó tó gbẹ ni wọ́n ti ń jí. Kòkòrò àrùn anthrax, tó yọjú ní Suleja ní 2023, wà lára wọn. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í gba ẹ̀jẹ̀ màlúù tó kú fúnra rẹ̀, kódà bí wọ́n fẹ́ fi ta mí lọ́rẹ.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn oníbàárà mi ti le jù. Yunifásítì LAUTECH wà níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ni nípa oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Àwọn oníbàárà náà á tú ẹnu àpò, wọ́n á kiwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á gbóòórùn ohun tí wọ́n bù. Inú mi máa ń dùn bí wọ́n bá tú u.