Òkúta Tó Sá Pamọ́ Sínú Ilé

Ní Ìlerò, kò sí iṣẹ́ tó wù mí wò bíi kí awọnlẹ̀ máa wá òkúta bíkìn, ìyẹn òkúta tí wọ́n fi ń sàmì ààlà ilẹ̀. Ìlú ń gbòòrò. Oko iṣu àná ti di ilé, òkúta tí wọ́n rì síbẹ̀ sì ti wọ inú ọgbà onílé.

Awọnlẹ̀ tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ ka pépà sọ̀fè, á fi tépù wọn ilẹ̀ láti ibi òkúta tó ṣì hàn, kó tó kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú ilé o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, òkúta kan là ń wá."

Màmá á nawọ́ sẹ́yìn ààrò. Àwọn awọnlẹ̀ á gbá eérú kúrò, wọ́n á rọra fi omi fọ orí òkúta sìmẹ́ǹtì náà, títí lẹ́tà àti nọ́ńbà ara rẹ̀ á fi yọjú.

Láti ọdún 1908 ni ilé ẹ̀kọ́ awọnlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, tó wà ní Ọ̀yọ́ báyìí, ti ń kọ́ni níṣẹ́ yìí. Òpó ìwọnlẹ̀ kan ní Minna, tí wọ́n ń pè ní L40, sì ni ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà.

Nọ́ńbà kékeré abẹ́ eérú yẹn lè parí ìjà ààlà láàárín ọmọ ìyá. Mo kí àwọn tó ń fi sùúrù wá a. Ẹ̀yin onílé, ẹ má hú òkúta náà.