Bí Ẹni Ṣa Òkúta Nínú Ìrẹsì

Bí òṣùpá kò bá yọ ní Ara, nítòsí Èjìgbò, tí wọ́n sì tún mú iná lọ, ẹni tó bá jáde síta á rí ìràwọ̀ tó ṣù bí èéfín funfun kọjá lójú ọ̀run. Àgbájọ ìràwọ̀ tí oòrùn tiwa náà wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Irú òru bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ H.E.S.S., ibùdó awò tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run, ń dúró dè lórí òkè Khomas ní Nàmíbíà.

Ìtànṣán gámà ni wọ́n ń wá. Ojú kò lè rí i, afẹ́fẹ́ kì í sì í jẹ́ kó dé ilẹ̀. Bó bá kọlu afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi kìlómítà 10 sókè, èérún á tú jáde, wọ́n á máa sáré ju bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń sáré nínú afẹ́fẹ́ lọ, ìmọ́lẹ̀ búlúù á sì kọ yẹ̀rì. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan: mélòó kan péré nínú rẹ̀ ló fi ń wà. Awò mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 12 ló ń ṣọ́ ọ láti ibi mẹ́rin, kí wọ́n lè tọpa rẹ̀ padà síbi tó ti wá. Ìkarùn-ún, tó fẹ̀ tó mítà 28, dé ní 2012.

Ibi tí iṣẹ́ wọn ti wú mi lórí jù nìyí: àwọn èérún mìíràn ń rọ̀ láti òfuurufú, wọ́n ń kọ yẹ̀rì bákan náà, wọ́n sì pọ̀ ju gámà lọ fíìfíì. Ìyá tó ti ṣa òkúta nínú ìrẹsì Ọ̀fàdà rí mọ irú ojú tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Nínú kámẹ́rà, àwòrán gámà a máa tẹ́ẹ́rẹ́, a gún régé bí ẹyọ ìrẹsì; ti ayédèrú a rí jákujàku. Bí wọ́n ṣe ń ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn, láti 2004 di 2013, fún nǹkan bíi wákàtí 2,700.

Ní 2018, wọ́n gbé àbọ̀ jáde: orísun gámà 78 nínú àgbájọ ìràwọ̀ tiwa yìí. Wọ́n fọwọ́ sọ̀yà lórí 31, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ohun tí ìràwọ̀ tó ti kú fi sílẹ̀. Wọn kò fi ipá sọ ohun tí 47 yòókù jẹ́. Mo fẹ́ràn wọn fún ìyẹn. Wọ́n kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, kí ẹlòmíràn lè tún ibẹ̀ wò.

Bí òjò bá dá lóru nínú oṣù Kẹfà, ẹ jáde síta ní Ara ní ọ̀gànjọ́, kí ẹ kọjú sí gúúsù. Apá ibẹ̀ ni àwọn orísun náà pọ̀ sí jù.